Ohun tí igi fúrúùtù kọ́ mi nídìí iṣẹ́ pákó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín títí dé Ṣágámù àti Ìpẹ̀rù, ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì mẹ́fà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Igi fúrúùtù kan wà nínú ọgbà ilé-ìwé kan nílùú wa. Ẹ mọ irú igi náà: ẹ̀ka rẹ̀ a yọ yíká ní ipele-ipele, bí ìgbà tí wọ́n to agbòjò léra wọn. Ewé rẹ̀ a pọ́n kó tó wọ́. Àwọn ọmọdé a máa ṣa èso tí àdán já sílẹ̀, wọn a fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Abẹ́ igi yìí ni àwọn olùkọ́ ń sá oòrùn sí. Nígbà tí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sórí kíláàsì, wọ́n gé e. Màmá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n fi ṣe bẹ́ǹṣì fáwọn ọmọ, kó má baà jẹ́ pé inú iná ni gbogbo rẹ̀ máa bá lọ. Inú mi dùn sí i. Ọjọ́ Ajé ni mo gbé e lọ là. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ǹṣì mẹ́fà ti délẹ̀.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Bẹ́ǹṣì kan ò fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ mọ́. Orí òmíràn ti tẹ̀ wọnú bí inú ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ibi tí mo kan ìṣó mọ́ ló dúdú yíká bí ìgbà tí tàdáwà kán sí i. Mo yí ọ̀kan dojú dé, lẹ́búlẹ́bú sì ń jábọ́ láti etí pákó, ó kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù.

Ọ̀gá mi wá wò ó. Wọn ò bú mi. Wọ́n fọwọ́ pa orí bẹ́ǹṣì náà lọ pa á bọ̀, wọ́n ní, "Aṣọ tí kò tíì fún lo rán yìí. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ló máa jìyà ẹ̀."

Igi tútù kún fún omi, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń fún. Ṣùgbọ́n kì í fún dọ́gba. Bó ṣe ń fún ní yíyípo igi tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń fún láti èèpo wá sí àárín. Lóòró rẹ̀, bíi pé kò fún rárá ni. Nítorí náà, pákó tó kọjú kan sí àárín igi, tó kọ ojú kejì sí èèpo, kò sí bí kò ṣe ní tẹ̀ tí ẹ bá kàn án ní tútù. Ti lẹ́búlẹ́bú yẹn, kòkòrò ajẹgi ni. Apá funfun tó sún mọ́ èèpo, níbi tí oúnjẹ igi wà, ni wọ́n máa ń jẹ. Èmi sì lò ó mọ́ apá pupa láìyọ ọ́ kúrò.

Dúdú ìdí ìṣó ló yà mí lẹ́nu jù. Èròjà kan tó ń jẹ́ tánínì wà lára fúrúùtù; tó bá pàdé irin níbi tó lómi, dúdú ló máa dà. Ìdígbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n: fúrúùtù, ìdígbò àti afárá, Terminalia ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo wọn. Ìdígbò àti afárá, inú igbó tiwa ni wọ́n ti wá. Fúrúùtù, láti Éṣíà àti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni. Kóró rẹ̀ máa ń léfòó lórí òkun dé èbúté mìíràn. Wọ́n ń fi kan ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún, ní Fíjì wọ́n ń gbẹ́ ẹ ní ìlù. Igi tí àwa ń pè ní ti ibòòji lásán nìyẹn! Àwọn àgbà ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ìrókò àti ọ̀gánwó ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, igi inú ọgbà wa la máa padà sí, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń lò ó.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Bí wọ́n bá ti là á tán, mo máa ń fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun orí àti ìdí pákó, torí ibẹ̀ ni omi ti ń tètè sá jáde tí pákó fi ń là. Mo tò ó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ oní-ínǹṣì kan há àárín pákó kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gé ègé kan tó gùn tó apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sí i lára. Ti igi ilé-ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 1,400. Nígbà tó dé 900 tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, mo mọ̀ pé ó ti gbẹ débi tí afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú lè gbẹ ẹ́ dé.

Ìfági yín gbọ́dọ̀ mú dáadáa. Ìṣàn igi fúrúùtù máa ń lọ́ mọ́ra, tí ẹ bá bù ú nípọn, ó máa ya. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ o, ikán ò ní fi í sílẹ̀. Àmọ́ fún orí tábìlì, àpótí ìjókòó àti pẹpẹ ìwé, ó dára, pupa rẹ̀ sì ń tàn lẹ́yìn fáníìṣì.

Pákó tó ṣẹ́ kù lára igi yẹn ni mo fi tún bẹ́ǹṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, súkúrù tí kì í dógùn-ún ni mo fi dè é, mo kọ́kọ́ lu ihò fún un. Àwọn ọmọ tó jókòó lórí wọn nígbà náà ti ń mú ọmọ tiwọn wá sí ilé-ìwé ọ̀hún. Pákó mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án nínú yín, kó máa bọ̀.