Bésíbọ́ọ̀lù ní Iowa, Bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mọ̀kọ́lá, n'Íbàdàn, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tí ẹ ó bá níbẹ̀ tí wọ́n ń tahùn síra wọn lórí Arsenal àti Chelsea, ọ̀pọ̀ wọn ni ò dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Shooting Stars, ẹgbẹ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé ní 1976, ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn ní Adámásingbà tí kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n lérò lẹ́yìn o, àmọ́ kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fi ń jà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Ní Des Moines, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà tí mò ń gbé, ibi tí wọ́n bí èèyàn sí ló ń yan ẹgbẹ́ fún un. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì ńlá bésíbọ́ọ̀lù, Iowa ò ní ọ̀kankan. Iowa Cubs tó wà níbí, abẹ́ Chicago Cubs ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n máa gbé lọ sókè. Síbẹ̀, ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́. Ẹni tó wá láti àríwá ìpínlẹ̀ yìí lè jẹ́ ti Minnesota Twins, ará gúúsù lápá ìlà oòrùn a máa ṣe ti St. Louis Cardinals, Cubs sì pọ̀ láàárín wọn. Bàbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Cubs rárá. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Cardinals ni wọ́n ń gbọ́ nílé wa."

Orí rédíò ló ń sọ. Rédíò ló pín ilẹ̀ náà. Kí Dodgers àti Giants tó kó kúrò ní New York lọ sí Califóníà ní 1958, kò sí ẹgbẹ́ líìgì ńlá kankan létíkun ìwọ̀ oòrùn, kò sì sí èyí tó wà ní gúúsù ju ti St. Louis lọ. Ohùn iléeṣẹ́ rédíò KMOX láti St. Louis wá ń dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní Des Moines níbí, lẹ́yìn ọdún 1930 díẹ̀, Ronald Reagan tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà ló ń ròyìn eré Cubs ní iléeṣẹ́ rédíò WHO. Kò sí ní Chicago o! Inú yàrá rédíò ló jókòó sí, tẹligíráàmù ni wọ́n fi ń sọ ohun tó ń lọ fún un, òun á wá máa ròyìn bí ẹni pé ojú òun ló ṣe.

Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tó ń tẹ̀lé ti ìlú rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ ráyè ti ẹlòmíì? Nígbà tí Texas Rangers pàdé Arizona Diamondbacks ní àṣekágbá 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 èèyàn ló ń wo eré kọ̀ọ̀kan. Super Bowl tó tẹ̀lé e, ìyẹn àṣekágbá bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fọwọ́ gbé sáré, kó ju mílíọ̀nù 120 lọ. Bàbá yẹn ní òun ò wo ti Rangers. Super Eagles kì í rí bẹ́ẹ̀ sí wa: tí wọ́n bá gbá a sáwọ̀n, Aba, Kánò àti Èkó á jọ pariwo ni. Àwọn kan wá ń sọ pé bésíbọ́ọ̀lù ti ń kú. N ò gbà. Ní 2023 kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní mílíọ̀nù 70 ni líìgì ńlá tà. Ìfẹ́ náà wà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló mú tiẹ̀ dání.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ti ìwòran. Mo sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè máa wo eré gbogbo, mo tẹ Cubs, wọ́n kọ ọ́ sójú fóònù mi pé wọn ò lè fi hàn ní àdúgbò mi. Wọ́n ti ta ẹ̀tọ́ agbègbè fáwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹgbẹ́ 6 ló sì ka Iowa mọ́ ilẹ̀ tiwọn: Cubs, White Sox, Cardinals, Twins, Kansas City Royals àti Milwaukee Brewers. Kò sí èyí tó ní pápá níbí nínú wọn. Àbúrò mi ní Mọ̀kọ́lá ń wo Arsenal lórí bẹ́ǹṣì pákó láìsí ìdíwọ́ (àfi tí NEPA bá mú iná lọ), èmi tí Chicago ò ju bíi wákàtí márùn-ún lọ sí mi nínú mọ́tò ò rí Cubs wò.

Ẹgbẹ́ tí mo lè pè ní ti gbogbo orílẹ̀-èdè ò ju Yankees ti New York àti Dodgers lọ. Fìlà Yankees tiẹ̀ kún Dùgbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dé e ò mọ̀ pé ti bésíbọ́ọ̀lù ni. Ẹ dé e wọ ibi iṣẹ́ wa ní Des Moines kí ẹ wò ó. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "New York lẹ ti wá ni?"