Ọwọ́ Tó Yí Po

Kabba, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Iná ò sí láti àárọ̀, iṣẹ́ gidi kan ò sì ṣeé ṣe, ni mo bá gbájú mọ́ idán ọwọ́ tí mo fẹ́ fi dá àwọn ọmọ lára yá nírọ̀lẹ́ ìkórè. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, mo wá ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yí po, tó padà síbi tó ti gbéra. Ẹni tó ń wò á búra pé eegun ti yẹ̀.

Eegun kankan ò yẹ̀. Méjì ló wà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Bí a bá ń yí ọwọ́, èyí tó wà lápá àtàǹpàkò á gorí èkejì. Ìyẹn nìkan ò lè gbé ọwọ́ ju ìdajì òbìrìkìtì lọ, èjìká ló ń fi ìyókù kún un. Àmọ́ ojúlówó idán ibẹ̀ ti parí kí eré tó bẹ̀rẹ̀: mo ti lọ́ apá sínú dé ibi tó lè dé, àwọn ìka kọjú sí mi, àwọn èrò sì rò pé bí ọwọ́ ṣe ń wà nìyẹn. Láti ibẹ̀, ìka gba òsì, ó dé iwájú, ó gba ọ̀tún, ó padà sọ́dọ̀ mi. Ìdajì ohun tí wọ́n ń wò bíi lílọ́, títú ni.

Aṣọ ló yọ mí lẹ́nu jù. Mo wọ àǹkárá, mo wo dígí, mo rí orí ìgbọ̀nwọ́ tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ bí eku lábẹ́ ẹní. Ni mo bá yá bùbá òfì alápá gígùn lọ́wọ́ Bùrọ̀dá mi, èyí tí wọ́n hun ní Ogidi. Ó nípọn, kì í lẹ̀ mọ́ra, kò sì tú àṣírí. (Ooru inú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.)

Ìgbà tí ọwọ́ bá ń lọ sílẹ̀ ni ojú èrò ò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀. Ńṣe ni mo máa kí wọn: “Ọ̀kún o!” Ta ni nínú wa tí wọ́n á kí tí kò ní wojú ẹni tó kí i? Kí wọ́n tó dáhùn tán, ọwọ́ ti délẹ̀.

Ó ku ariwo. Mo há kọ́ọ̀bù ike tín-ín-rín sí abíyá òsì; bí ìka bá ti fẹ́ kọjá apá ọ̀tún, mo fún un pọ̀: kàkà! Ìyé, ìyá mi, ń ro ọkà lọ́wọ́, ni wọ́n bá ju omorogùn sílẹ̀.

“Jésù! Apá rẹ!”

“Ìyé, ẹ má bínú, ike ni.”

Mo fà á yọ, mo fi hàn wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi di apá ọmọ aládùúgbò mú, ó fẹ́ lọ́ ọ. Nítorí náà, mo máa sọ fún àwọn ọmọ pé ike ló dún, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ́ apá ẹlòmíràn. Àwọn pidánpidán kì í tú àṣírí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò bá àbúrò mi gbélé.

Wàhálà tó kù ni ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí, ibẹ̀ gan-an ni ìgbọ̀nwọ́ ti ń hàn. Màá bá olórí wọn sọ̀rọ̀ lọ́la bóyá wọ́n á sún síwájú. Bí wọn ò bá gbà, ìdí ògiri ni màá lọ kúnlẹ̀ sí.