Àlàfo Kan Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Fọ́ọ̀mù

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo mọ̀ pé àṣírí ìtọ́jú mi ti tú níbi iṣẹ́, àyà mi ṣì ń já bí mo bá rántí. Mo ní kí n kọ ọ́ báyìí tó ṣì gbóná lọ́kàn mi, nítorí mo mọ̀ pé nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, àwọn kan ti di ẹrù wọn tán, ilé ìtọ́jú ni wọ́n ń lọ lọ́la. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti mọ bí oògùn ṣe ń di bárakú fún èèyàn, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé yín.

Iṣẹ́ abẹ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún mi ní tramadol nítorí ìrora. Ìrora lọ, tramadol ò lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ tí mo ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń jí oògùn ìyá mi lò ni mo pinnu, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ilé ìtọ́jú, kò sẹ́ni tó wọ́ mi lọ. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí àwọn kan ti ń bi mí pé bí mi ò bá ní ohun tí mò ń fi pamọ́, kí ni mò ń pariwo sí. Mo ní ohun tí mò ń fi pamọ́. Àìsàn mi ni. Èmi ni mo ni ín, èmi ni mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mo wọlé, ó ti ju wákàtí méjìdínlógún lọ tí mo ti lo oògùn kẹ́yìn. Imú mi ń ṣomi, òógùn bò mí, ẹsẹ̀ mi ò gbà láti dúró sójú kan. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù kó bébà síwájú mi, méje ni wọ́n. Ó ní, “Mà, ibi tí mo bá ti fi ìka hàn yín ni kí ẹ fọwọ́ sí.” Mo fọwọ́ sí i. Mi ò ka ẹyọ kan nínú wọn. Orí ìkarùn-ún ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mo gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìtọ́jú mi fún, wọ́n wá fa ìlà kan síwájú rẹ̀. Ìlà náà ṣófo. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn: mo rí i. Mo rí i pé ó ṣófo, mo sì fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ibùsùn ni mo ń wá nígbà yẹn.

Lẹ́tà tí dókítà kọ sí ibi iṣẹ́ mi sọ pé ara mi ò yá, pé mo nílò ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Òótọ́ ni, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan láti ilé ìtọ́jú náà pe ibi iṣẹ́ mi láti béèrè ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bóyá ó rò pé oore ló ń ṣe mí. Kì í ṣe ọ̀gá ló gbé fóònù, ẹnì kan nínú yàrá wa ni. Ohun tí ó gbọ́ ni pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún la ti ń pè, nípa òṣìṣẹ́ yín kan.” Gbólóhùn kan péré.

Èmi ò mọ̀. Mo parí ìtọ́jú, mo sùn sílé lọ́jọ́ Sátidé àti Sunday, mo wọṣọ lọ́jọ́ Ajé bí ọmọ tó ń lọ síléèwé tuntun. Mo wọlé, gbogbo wọn kí mi. Wọ́n kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ohùn wọn rọ̀ bí ohùn ẹni tó wá kí olókùú. Mo jókòó, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, sápá kejì. Kò wo ojú mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni báàgì yẹn ti ń wà lórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì.

Mo sọ fún ara mi pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Aago mẹ́wàá lu, a wọ ìpàdé. Àwa mọ́kànlá la jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ oṣù, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Mà, ẹ má bínú o. A ti gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí owó fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé a fura sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí irú nǹkan tó ń ṣe yín yìí ṣe máa ń rí.”

Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Mo ń wo ọwọ́ mi lórí tábìlì, ó ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé àwọn náà ń wò ó, mo mọ ìdí tí wọ́n rò pé ó fi ń gbọ̀n. Mo gbé e sábẹ́ tábìlì. Ìyẹn tún burú jù. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ̀rọ̀ láti fi mí lọ́kàn balẹ̀: “Mà, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.” Gbogbo wọn mi orí. Orí mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó kù tí wọn yóò sọ fún.

Mo wà nínú ilé ìyàgbẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí kì í ṣe bàbàrà: ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo fi gbàtọ́jú, oògùn ò wù mí tó bó ṣe wù mí nínú ogójì ìṣẹ́jú yẹn. Mo ti mú fóònù, mo ti wá nọ́ńbà ẹni tó máa ń tà á fún mi jáde. Nọ́ńbà àbúrò mi ọkùnrin ni mo tẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀.” Ó sì dé.

Lọ́jọ́ kejì àwa méjèèjì lọ sí ilé ìtọ́jú náà. Mo bínú lọ, mo ní wọ́n tú àṣírí mi. Wọ́n rọra fa fáìlì mi yọ, wọ́n ṣí i sí bébà karùn-ún. Orúkọ ibi iṣẹ́ mi ló wà lórí ìlà tó ṣófo. Bíírò aláwọ̀ búlúù ni mo fi fọwọ́ sí i, bíírò dúdú ni wọ́n fi kọ orúkọ yẹn. “Mà, ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín nìyí?” Ọwọ́ mi ni.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù kí ẹ má gbàgbé rẹ̀: ẹ má fọwọ́ sí bébà tó ní àlàfo. Bí ibì kan bá ṣófo tí ẹ ò ní nǹkan láti kọ síbẹ̀, ẹ fa ìlà gbọọrọ já a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ara yín ò bá gbà yín láyè láti kàwé lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní, “Ẹ jẹ́ kí n sùn, n ó kà á lọ́la.” Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí oògùn kì í ṣe ẹni tó yẹ kí wọ́n kó bébà méje lé lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí kí ẹ tó dìde. Bí mo bá ti ní ẹ̀dà lọ́wọ́ ni, ìlà tèmi ì bá ṣì ṣófo títí dòní, wọn ò sì ní rí nǹkan kan nà sí mi.

Àbúrò mi mú mi lọ bá agbẹjọ́rò kan tó mọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó yẹ kí n mọ̀ ṣáájú. Ó fi òfin Amẹ́ríkà lórí àṣírí àwọn tó ń gbàtọ́jú nítorí oògùn tàbí ọtí ṣe àpẹẹrẹ fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní 42 CFR Part 2. Òfin méjì tí wọ́n ṣe ní 1970 àti 1972 ló bí i. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ń bẹ̀rù pé àwọn ará ibi iṣẹ́ tàbí ọlọ́pàá yóò gbọ́, kò ní lọ gbàtọ́jú rárá. Lábẹ́ òfin yẹn, bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ilé ìtọ́jú ò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn pàápàá. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, èsì wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń fún wọn láṣẹ, bí yóò bá péye, gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, ohun tí yóò sọ gan-an, ìdí rẹ̀, àti ìgbà tí àṣẹ náà yóò parí. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín pẹ̀lú pé ẹ lè gba àṣẹ yín padà. Ẹ wo iye ìlà tó wà níbẹ̀. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló lè di àlàfo.

Ní Nàìjíríà náà, abala 26 nínú Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn, ìtọ́jú tó ń gbà, àti pé ó wà ní ilé ìtọ́jú kan pàápàá. Àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i lórí ìwé, tàbí kóòtù tàbí òfin bá pa á láṣẹ, pẹ̀lú àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ìbúra àwọn dókítà tí World Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé, gbé kalẹ̀ ní Geneva ní 1948. Ní 1968 wọ́n fi kún un pé bí aláìsàn bá tilẹ̀ kú, dókítà ò gbọdọ̀ tú àṣírí rẹ̀. Òkú ní àṣírí, èmi tí mo wà láàyè ò ní!

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mò ń lé àwọn èèyàn sẹ́yìn kúrò níbi ìtọ́jú. Ẹ lọ o. Àwọn nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí ní òru ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣẹ̀ mí, Ọlọ́run mọ̀. Ẹ ṣáà mú bíírò yín dání.

Ẹ má sì rò pé àṣírí yìí ò láàlà. Ní Amẹ́ríkà tí mo sọ yẹn, bí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu, wọ́n lè sọ fún dókítà mìíràn. Bí ẹ bá jẹ́wọ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé, wọ́n lè fi tó ìjọba létí. Bí ẹ bá hùwà ọ̀daràn nínú ọgbà wọn, wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kí agbẹjọ́rò kan fi ìwé ìpè ránṣẹ́ lásán kò tó. Kóòtù ní láti dìídì pàṣẹ. Ẹ béèrè bó ṣe rí níbi tí ẹ wà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó ṣí inú yín fún olùgbaninímọ̀ràn.

Nípa gbígba àṣẹ padà: mo ti kọ tèmi. Ìlà mẹ́ta ni, orúkọ mi, ọjọ́, àti pé láti òní lọ mi ò fún yín láṣẹ mọ́ láti bá ibi iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, èyí tó ti bọ́ ti bọ́, lẹ́tà mi ò lè kó o jọ. Ìdí tí mo fi ń padà sórí àlàfo yẹn nìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti fọ́ ni gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù ń dé. Ìgbà tí bíírò wà lọ́wọ́ yín nìkan ni ẹ lágbára. Wọ́n tún òfin Amẹ́ríkà yẹn ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó sì ti di pé ìfọwọ́sí ẹ̀ẹ̀kan péré lè tó fún ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, owó sísan àti iṣẹ́ inú ilé ìtọ́jú lọ́jọ́ iwájú. Ó dín wàhálà kù, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ìfọwọ́sí kan bá ti ń ṣiṣẹ́ tó báyẹn, kíkà rẹ̀ ti di dandan.

Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tí ẹ̀yin nìkan ń gbé. Ní ti ìjókòó ẹgbẹ́, níbi tí àwa tí à ń gbàtọ́jú ti jọ ń sọ̀rọ̀ ara wa, òṣìṣẹ́ ni òfin sábà máa ń dè. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìlérí ẹnu rẹ̀ nìkan ló dè é. Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, ti wà láti 1935, ìlérí yẹn ni wọ́n sì ń bára wọn gbé. Ó máa ń dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀ ẹ má dárúkọ ibi iṣẹ́ yín níbẹ̀.

Èmi wà dáadáa. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn, mo ti lo ọjọ́ 73 láì fọwọ́ kan oògùn, oorun ti ń kùn mí. Mi ò dárúkọ ilé ìtọ́jú náà níhìn-ín nítorí ẹjọ́ tí mo fi sùn ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n pè mí lánàá, lórí nọ́ńbà mi, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kí a jọ wo bébà karùn-ún yẹn. Àbúrò mi ní òun ń bá mi lọ. Mo ti ní kí wọ́n ya ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ dè mí, aláwọ̀, kí búlúù àti dúdú lè hàn.