Mo jẹ́rìí lórí owó olówó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń ta mí bí abẹ́rẹ́ tó kán sínú ìka. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ ná kí n tó kọ ọ́. Mo mọ ara mi. Tó bá fi máa rọlẹ̀, màá ti tún un rán, màá ti ká ibi tí kò dáa sínú.

Télọ̀ ni mí, ní Ìbàdàn, apá Mọ́kọ́lá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ bí ara ṣe máa ń rí lóṣù tí owó ṣọ́ọ̀bù bá pé. Baba onílé ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì: ₦180,000, ó pẹ́ tán Ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó máṣíìnì mi síta. Aṣọ ẹbí tí mo gbójú lé, àwọn tó ni ín sún ìgbéyàwó síwájú. Oníbàárà méjì tó jẹ mí lówó kò gbé fóònù mi mọ́. (Ẹ fi ọ̀rọ̀ gbígbé fóònù yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá bá èmi náà.) Ni mo bá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Ọjọ́rú sí Ọjọ́ Ẹtì, omi nìkan. Mo ń gbàdúrà nídìí máṣíìnì, ẹsẹ̀ mi ń lọ lórí ìtẹ̀, mo ń sọ iye tí mo fẹ́ fún Ọlọ́run, mo tilẹ̀ ń sọ aago tí mo fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mọ́kànlá ku díẹ̀, álẹ́ẹ̀tì wọlé. ₦185,000. Orúkọ oní POS kan tí mi ò gbọ́ rí ló wà níbẹ̀. Mo kígbe, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì sáré wọlé, wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi. Nígbà tí wọ́n rí i, a jó. A jó débi pé a fẹsẹ̀ gbá áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣubú, ó jó ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dúdú, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ta ló fi ránṣẹ́?" Mo ní àwọn ẹyẹ ìwò tó gbé oúnjẹ wá fún Èlíjà, ṣé wọ́n sọ orúkọ ni? Kó tó di aago kan, owó ti wà lọ́wọ́ baba onílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni nọ́ńbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Mi ò gbé e. Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, mo ti yá owó lórí fóònù rí, mo sì mọ bí àwọn tó ń gba gbèsè yẹn ṣe máa ń bú ìyá ènìyàn. Nọ́ńbà tí mi ò bá mọ̀, n kì í gbé e. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹrin ní Ọjọ́ Ẹtì, ó pè lẹ́ẹ̀meje ní Àbámẹ́ta. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ Àbámẹ́ta, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ní kí n má bínú, ó ní owó tó wọlé sí mi lánàá kì í ṣe tèmi, ọmọ oní POS ló ṣi nọ́ńbà tẹ̀, kí n dákun gbé ìpè òun.

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo kà á, torí ibẹ̀ ni mo ń fò fún gbogbo àwọn tó bi mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo sọ fún ara mi pé gbájúẹ̀ ni. Irú ẹ̀ sì wà, ẹ̀yin náà mọ̀: wọn á fi ayédèrú álẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, wọn á ní àwọn ṣèèṣì ni, ẹ ó wá dá owó tẹ́ ẹ ò gbà padà. Ṣùgbọ́n álẹ́ẹ̀tì tèmi kì í ṣe ayédèrú. Mo ti fi í san owó ṣọ́ọ̀bù. Mo pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sùn. Mo sùn dáadáa ni o.

Ọjọ́ Àìkú, mo wọ lééṣì tí mo fi ṣe ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo sọ iye owó, mo sọ aago tó wọlé, mo ní Ọlọ́run tilẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e fún owó mọ́tò. Gbogbo ìjọ dìde. Mo sì fi ìdá mẹ́wàá sínú àpò ìwé, ₦18,500. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ló kù nínú owó yẹn, nítorí náà mo yọ ₦13,500 nínú owó tí oníbàárà kan fún mi kí n fi ra síìpù àti aṣọ inú. Ẹ wò ó o: mo san ìdá mẹ́wàá owó ẹlòmíì, owó ẹlòmíì ni mo sì fi san án.

Ọjọ́ Ajé, nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo ń gé bùbá lórí tábìlì, ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó wo pátákó mi níta, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo pátákó. Àwòrán pátákó yẹn ni mo fi sórí WhatsApp mi, nọ́ńbà fóònù mi sì ni nọ́ńbà àkáǹtì mi, ẹ ṣáà yọ òdo iwájú kúrò. Bó ṣe rí mi nìyẹn. Òǹkà kan ṣoṣo ló yà mí sọ́tọ̀ sí ẹni tí owó tọ́ sí: 9 ni wọ́n pè, 6 ni ọmọ oní POS tẹ̀. Ó tilẹ̀ ka orúkọ mi sí ìyá létí, ìyá ní bóyá orúkọ ìyàwó ẹni tí òun ń fowó ránṣẹ́ sí ni.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni télọ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, mà." Mo ti mọ ẹni tó jẹ́ kó tó lanu. Pípọ́n ata ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀.

Ata ló ń tà ní Bódìjà. Owó náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, òun àti àwọn aláta mẹ́ta ló dá a jọ kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá wọn gba ọjà ní Ṣáṣá tí ọkọ̀ bá ti Òkè Ọya dé. Ẹni yẹn kò rí owó, ó gbé apẹ̀rẹ̀ wọn fún ẹlòmíì. Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Báǹkì ní kó lọ gba ìwé ní kóòtù kó tó padà wá. Láti Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn mẹ́ta yẹn sì ti ń pariwo pé ó ti kó owó àwọn jẹ, nígbà tó fi máa di Àbámẹ́ta wọ́n ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò lórí ìsọ̀.

Gbogbo èyí, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Mo ń retí kó pariwo. Ká ní ó pariwo ni, èmi náà ì bá pariwo, ará àdúgbò ì bá dá sí i, n bá rí ibi sá sí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó sì kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ. Orí èérún aṣọ tí mo ń gé ló kúnlẹ̀ sí.

Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ ohun tí mo ṣe tẹ́ ẹ ò fi gbé ìpè mi. Ẹ forí jì mí."

Òun ló ń tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wò. Èyí kékeré nínú wọn ni mo bá wí kíkankíkan lọ́dún tó kọjá torí pé ó fi ìyókù ańkárá oníbàárà rán báàgì. Mo ní ìyókù aṣọ, ì báà má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ ká a sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ dá a padà, kì í ṣe tiwa. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Mo ní kí ìyá dìde, kò dìde, lèmi náà bá kúnlẹ̀. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ báyìí, ló wá bi mí pé, "Ṣé ẹ ò rí ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi kọ síi yín ni?"

Mo ní mi ò rí i.

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti pa irọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ìyókù. Baba onílé ní owó tó bá ti wọlé kì í jáde. Mo ta máṣíìnì wíìpù tí mo fi ń wé etí aṣọ ní ₦90,000, mo yá ₦50,000 nínú alájẹṣẹ́kù wa. Mo lọ bá pásítọ̀ wa láṣàálẹ́, mo sọ fún un, títí kan àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n sì fi ₦18,500 yẹn ránṣẹ́ sí ìyá kí n tó délé. ₦26,500 ló kù kí owó ìyá pé. Mo bá ìyá dé Bódìjà, mo ṣàlàyé fún àwọn aláta mẹ́ta náà, wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n dá ìsọ̀ padà fún un. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tún gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kí mi ní Halelúyà. Síìpù àti aṣọ inú, mo rà wọ́n láwìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wá dà? Àkọ́kọ́, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó: mo fi ọjọ́ mẹ́ta béèrè owó lọ́wọ́ Ọlọ́run, mi ò fi ìṣẹ́jú mẹ́ta béèrè ẹni tó ni ín. A ti jẹ́ kí ó mọ́ wa lára pé ohun tó bá bọ́ sí àsìkò, Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ lọ ka Sámúẹ́lì Kìíní orí 24. Dáfídì wà nínú ihò ní Ẹńgédì, Sọ́ọ̀lù tó ń lé e kiri sì rọra fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé wá bá a. Àwọn èèyàn Dáfídì ní ọjọ́ tí Olúwa wí nìyí. Ó bọ́ sí i gan-an ni! Dáfídì yọ́ lọ, ó gé etí aṣọ Sọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ọkàn rẹ̀ gún un lórí ègé aṣọ yẹn. Èmi tí mo ń gé aṣọ jẹun, ẹ wo bí mo ṣe ń ka ẹsẹ yẹn kọjá látọdún yìí wá. Jónà tó ń sá fún Ọlọ́run náà ńkọ́? Ó dé Jópà, ọkọ̀ tó ń lọ Táṣíṣì ti wà nílẹ̀, owó ọkọ̀ wà lápò rẹ̀. Ká ní Jónà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ì bá dìde jẹ́rìí kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ìkejì, ẹ máa gbé fóònù. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ṣùgbọ́n Deutarónómì orí 22 ní bí màlúù tàbí àgùntàn arákùnrin rẹ bá ṣìnà, tí o kò bá mọ ẹni tó ni ín, mú un wálé, kó wà lọ́dọ̀ rẹ títí onítọ̀hún á fi wá a wá. Ó sì ní o kò gbọdọ̀ fi ara rẹ pamọ́. Onítọ̀hún wá tirẹ̀ wá nígbà mọ́kànlá, èmi ń wo fóònù tó ń dún, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Èyí náà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, mo mọ̀. Mi ò béèrè ẹni tó ni ín torí pé mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́. Ẹni tó bá rò pé gbájúẹ̀ ni, á jẹ́ kó wà níbẹ̀ kó fi han èèyàn.

Àwọn kan ti ń sọ pé ààwẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nìyẹn, kí n fi Ọlọ́run sílẹ̀ kí n lọ wá oníbàárà. Mi ò gbà fún wọn, mo ṣì ń gba ààwẹ̀, n kò sì ní torí ẹnì kankan dá a dúró. Ọlọ́run kò ṣì mí lọ́nà. Baba onílé ní kí n san án Ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì kò tíì ṣú nígbà tí mo mú owó olówó. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ṣe é, mi ò dúró wò ó. Àti lórí ẹ̀rí jíjẹ́, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má jẹ́rìí mọ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ kàn fojú inú wo ẹni tí nǹkan náà ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gbé e jókòó sórí ìjókòó iwájú. Tẹ́ ẹ bá ṣì lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ká ní ìyá aláta wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ yẹn, ṣé n bá sọ̀rọ̀ owó mọ́tò?

Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré kò tíì sọ nǹkan kan fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ká ìyókù aṣọ oníbàárà sínú ọ̀rá, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kà á." Ègé márùn-ún. Mo kà á.

Àná, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Mo gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún mi ní Mọ́níyà ni. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ tán.