Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ìtọ̀ o

Mo mọ̀ pé ìgbọ̀nsẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ̀ ń bẹ̀rù, gbogbo wa náà la máa ń bẹ̀rù ẹ̀. Èmi ò tíì débi ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìtọ̀ fi fẹ́ pa mí l'Ákùrẹ́ níbí.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, èyí tí wọ́n ń gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara lè kú fún iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi jí, ó ń ṣe mí bíi kí n tọ̀, mo dìde, kò jáde. Nígbà tó yá abẹ́ ìdodo mi le bí àgbá, òógùn bò mí, mi ò lè jókòó mi ò lè dùbúlẹ̀, ìyàwó mi ń ṣí omi ẹ̀rọ ní bálùwẹ̀ bóyá tí mo bá ń gbọ́ ṣọ̀ọ̀ á jáde, ẹ̀kán díẹ̀ ló kán. Nọ́ọ̀sì ń sọ pé "Dádì, ẹ fara balẹ̀, ẹ tún gbìyànjú ẹ̀", dúrípù sì ń wọlé sí mi lára! Mo sunkún, àgbà ọkùnrin. Ìgbà tí wọ́n fi kátẹ́tà, rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde, sí i ni mo tó mí. Wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mo tọ̀, mo relé.

Tí ìdí bá ń ro èèyàn, iṣan tó ń di ìtọ̀ mú náà máa ń fún pa. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tún máa ń jẹ́ kí àpò ìtọ̀ kú tipiri, ẹsẹ̀ lè ti jí kóun má tíì jí. Tí dúrípù bá wá ń da omi sí i ńkọ́? Píọ̀ wọ́tà kan péré ti tó kún un o. Nítorí náà ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó wọ tíátà pé dúrípù mélòó lẹ fẹ́ fún mi, ṣé ẹ lè dín in kù? Mi ò ní kẹ́ ẹ fà á yọ fúnra yín o, mi ò sì bá dókítà jà, ìbéèrè ni mo ní kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ má fara da ìrora, ẹ ní kí wọ́n fún yín lóògùn, àmọ́ àwọn abẹ́rẹ́ ìrora tó le tó ń kun èèyàn lóorun náà lè dá ìtọ̀ dúró, ẹ bi wọ́n bóyá òmíràn wà. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń jí tọ̀ lóru, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, ọ̀rọ̀ próstéètì, ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, lè wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbà yín láyè, ẹ dìde rìn, kẹ́ ẹ jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ lè tọ̀ síbẹ̀.

Tí wákàtí 6 bá kọjá tẹ́ ò tíì tọ̀, ẹ pè wọ́n, ẹ má dúró kó tó máa dùn yín, torí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lè má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti kún. Tí dúrípù bá ṣì wà lọ́wọ́ yín nígbà yẹn, ẹ fi hàn wọ́n.