Bí wọ́n bá ti ìjọ wa

Ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ ráyè jókòó ní Mísà ọjọ́ Àìkú ní Holy Cross gbọ́dọ̀ tètè jí. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun Àsùbáà ládùúgbò wa ní Bámgbóṣé ni ìyá mi ti ń jí wa. Bí a bá pẹ́, orí ìdúró ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì níbí ní Amẹ́ríkà, mo rò pé Mísà ti parí ni, àṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ni bẹ́ǹṣì kan.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, fadá ka lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù sí wa létí. Wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n da ìjọ wa pọ̀ mọ́ òmíràn. Èèyàn ti dín kù, òrùlé ń jò, owó tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù kì í ṣe kékeré, fadá ò sì tó. Òótọ́ ni. Ìjọ mẹ́ta ni fadá wa nìkan ń sá kiri. Síbẹ̀, oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Ìyá àgbà mi, ọmọ Àgùdà pọ́ńbélé, kì í fi fùrẹ́jọ̀n Ọjọ́ Ẹtì Rere ṣeré. Yóò se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, yóò lọ̀ ọ́ kúnná, yóò fi oje àgbọn sè é, ẹja díndín á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa ọmọ la máa ń gbé abọ́ kiri àdúgbò, ilé Mùsùlùmí ò gbẹ́yìn. Níbí, lọ́jọ́ Ẹtì nígbà Lẹ́ńtì, àwọn àgbà ìjọ máa ń dín ẹja nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ìdí ẹja yẹn ni mo ti mọ àwọn ará ìlú yìí. Màmá òyìnbó kan tó máa ń bù ú fún wa, bí mi ò bá wá Mísà àárọ̀, á pè mí lórí fóònù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Níbo la ó ti máa rí ara wa bí wọ́n bá ti ibẹ̀?

Ti àìsí fadá yẹn ló dùn mí jù. Ọdún 1868 ni fadá tó wá ń gbé Èkó, ṣùgbọ́n àwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ ti ń gbàdúrà níbẹ̀ ṣáájú. Padre Anthony ló ń kó wọn jọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fadá, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní Padre. Àwọn Àgùdà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pe Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà títí dòní.

Ní Scituate, nítòsí Boston, tí wọ́n ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì St. Frances Xavier Cabrini ní 2004, àwọn ọmọ ìjọ pín àsìkò láàárín ara wọn, wọ́n ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru fún ohun tó lé ní ọdún 11. Ní 2016 ni wọ́n tó jáde, nígbà tí kóòtù ò gbè wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá agbára tiwa gbé e, arúgbó ló pọ̀ nínú wa.

Sátidé ni ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ìjọ wa. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Màmá náà fẹ́ mú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ wá, inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ó ní kí n jókòó ti òun.