Tíkẹ́ẹ̀tì apá onílé, ọkàn ẹgbẹ́ àlejò

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀. Manchester United máa wá bá Arsenal ní Emirates, mo sì ti rí tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n mú jẹ́sì United mi dání?" Irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí kì í wọ́n lórí fóònù ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba, tí àwọn ará ilé sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: fi jẹ́sì sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rí yẹn, apá àwọn onílé, ìyẹn àwọn ọmọ Arsenal tó ni pápá, ni yóò jẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ó mọ èèyàn gidi nìyẹn.

Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mushin tàbí ní Ṣàgámù, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ọmọ Arsenal àti ọmọ Chelsea ń jókòó sí. Wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba, wọ́n á jọ lọ sílé. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù lè rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni pápá ìṣeré rí. Níbí, nọ́ńbà ìjókòó tí èèyàn rà ti sọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe, bó bá sì jẹ́ irọ́ ni nọ́ńbà náà pa, oníjókòó ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìṣirò ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nínú Premier League, tíkẹ́ẹ̀tì 3,000 ni òfin fún ẹgbẹ́ tó bá wá ṣe àlejò. Bí pápá náà kò bá gba tó 30,000 èèyàn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn. Emirates gba èèyàn tó lé ní 60,000, síbẹ̀ 3,000 náà ni. Ní Bournemouth, tí pápá wọn gba bí 11,000, bí 1,100 ni àlejò ń rí. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ife FA Cup, ìdá márùn-ún ni ti ìdíje UEFA, ti ilẹ̀ Yúróòpù. Owó rẹ̀ kò sì wọ́n: láti sáà 2016/17, tíkẹ́ẹ̀tì àlejò nínú Premier League kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 30 lọ. Ohun tó kéré níye tó tún rọjú lówó, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jà lé irú rẹ̀ lórí.

Ẹgbẹ́ àlejò fúnra rẹ̀ ló ń ta 3,000 yẹn, fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì ń ka iye ìgbà tí kálukú ti bá wọn lọ sí pápá onípápá. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn dé Burnley lálẹ́ ọjọ́ Ajé nínú òtútù ní máàkì. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá lo ọ̀sẹ̀ méjì kò ní ẹyọ kan. Bó ti wù kó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà tó láti kékeré, ẹ̀rọ tó ń tò wọ́n kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ onílé ló wá kù tó máa yà sí. Ó lè di ọmọ ẹgbẹ́ onílé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó san owó ọdún, kó fi orúkọ sílẹ̀ fún eré tó fẹ́, kó máa retí bóyá wọ́n á mú un. Fún eré ńlá, àwọn tó ti ń san owó ọdún tipẹ́ pàápàá ń pàdánù. Ó lè ra èyí tí wọ́n ń pè ní hospitality, ìjókòó tó rọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, èyí tó lè gba ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lọ́nà mélòó kan. Ibẹ̀ kì í béèrè iye ọdún tí èèyàn ti ń bá ẹgbẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń sọ pé àwọ̀ ẹgbẹ́ àlejò kò gbọdọ̀ sí lára oníbàárà. Ní tèmi o, àgàbàgebè díẹ̀ wà nínú èyí. Ẹgbẹ́ tó ń polówó ìjókòó fún gbogbo ayé, tó sì mọ̀ pé àjèjì ló máa rà á, kò yẹ kó máa ṣe bí ẹni tí ẹnu yà nígbà tí àjèjì bá jókòó síbẹ̀.

Ọjà àwọn alágbàtà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ará ilé ti ń kàgbákò. Abala 166 nínú òfin ọdún 1994 tí wọ́n ń pè ní Criminal Justice and Public Order Act sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò gba àṣẹ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Ní 2006 wọ́n fẹ òfin náà dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì orin àti ti tíátà kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ nítorí pé alágbàtà kì í bi oníbàárà léèrè ẹgbẹ́ tó ń ṣe, owó ló ń wò. Olùtà ni òfin yìí dì mú, ṣùgbọ́n olùrà ló ń dúró sí ẹnu ọ̀nà láìwọlé. Inú fóònù ni ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wà báyìí. Alágbàtà lè yá èèyàn ní káàdì tàbí fóònù ẹlòmíràn, kó ní kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn eré. Ó lè ta ẹyọ kan fún ẹni mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ló ni ín. Ó lè ta tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé fún onírùngbọ̀n. Ní àwọn pápá kan, iná àwọ̀ mìíràn ló máa tàn bí wọ́n bá fi kan ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ tó dúró tì í á sì rí i. Fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í sì í ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀pọ̀ pápá mọ́.

Ká ní ó wọlé. Jẹ́sì kọ́ ló sábà máa ń tú àṣírí, ara ni. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ẹsẹ̀ á ti dìde kí ọpọlọ tó rántí ibi tó wà. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ìyẹn sì ti tó. Ìdàkejì rẹ̀ náà ń bẹ: àwọn onílé gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dìde lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan jókòó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ilé rẹ̀ jó. Ẹlòmíràn á máa ya fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù àlejò nìkan nígbà tí wọ́n bá ń na ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn, àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ló kó o síta. Àwọn kan rò pé èdè á bo àwọn, wọ́n á pe ilé: "A ti fi kan jẹ wọ́n o!" Lọ́ńdọ̀nù nìyí o. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó dàgbà sí Peckham lè wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, kó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún láti ọdún mẹ́wàá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Sìkáàfù tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì sí, tí wọ́n ń tà lójú títì, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àmì pé ẹni tó wọ̀ ọ́ jẹ́ arìnrìn-àjò ni, ọ̀pọ̀ onílé kò sì fẹ́ fi ojú rí i.

Ibi tí ìjókòó náà wà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ̀yìn àwọ̀n, níbi tí àwọn akọrin onílé ń dúró sí, kò ṣe é dé rárá fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn: North Bank ní Emirates, Kop ní Anfield, Stretford End ní Old Trafford, Holte End ní Villa Park. Apá tó bá àwọn àlejò pààlà náà burú, nítorí ibẹ̀ ni èébú ti ń kọjá síwá sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ojú àwọn òṣìṣẹ́ ààbò pọ̀ sí jù. Àwọn kan á sá lọ sí apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdílé, wọ́n á ní àwọn ọmọdé kò lè jà. Àwọn bàbá ọmọ ńkọ́? Òkè pátápátá ní ẹ̀gbẹ́ gígùn pápá ló sábà máa ń rọlẹ̀ jù, àwọn àjèjì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ eré àwọn ará àdúgbò kan náà, bí Arsenal àti Tottenham, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ẹ má lọ.

Bí àwọn ìdílé tó jókòó nítòsí bá ti fura, ẹnì kan á pe òṣìṣẹ́ pápá, tàbí kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kọ sára ògiri. Òṣìṣẹ́ náà kì í wọ àárín èrò. Orí àtẹ̀gùn ló máa dúró sí, á fi ọwọ́ pè é wá, á wo tíkẹ́ẹ̀tì, á wo orúkọ. Wọn kì í sábà gbé e lọ sí apá àlejò, torí ibẹ̀ ti kún. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń mú un lọ, owó rẹ̀ kò sì ní padà. Ẹni tí kò bá èèyàn jà lè máa bínú pé kí ni òun ṣe, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò òṣìṣẹ́ náà: ẹni kan ṣeé mú jáde láàárín ogójì, ogójì kò ṣeé mú jáde nítorí ẹni kan. Lórí ìjókòó tó dà gẹ̀rẹ́ gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni méjì bá ta ara wọn ní ìkúùkù, ìlà mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ló máa ṣubú.

Jíjókòó sí apá onílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nílé ẹjọ́. Òfin pápá ló rú. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló lè di ẹjọ́. Bó bá ju nǹkan tàbí tó sá wọ orí pápá, òfin Football Offences Act ti 1991 mú un, adájọ́ sì lè fi òfin dè é kúrò ní pápá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà kò nílò irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì rántí ẹni tó yá èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì: orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan tó dúró ọdún púpọ̀ kó tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún lè pàdánù rẹ̀ nítorí ariwo kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ pa.

Bí èyí bá dà bí ìgbónára lójú ẹnikẹ́ni, ìtàn Heysel ló yẹ kó gbọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1985, Liverpool àti Juventus fẹ́ gbá àṣekágbá ife Yúróòpù ní Brussels. Àwọn ọmọ Liverpool wà ní apá X àti Y. Apá Z tó bá wọn pààlà, wọ́n ní ti àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tí kò ṣe ti ẹnikẹ́ni ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì tó ń gbé ìlú náà ra tíkẹ́ẹ̀tì Z, àwọn alágbàtà náà tà á fún àwọn ọmọ Juventus. Wáyà lásán ló wà láàárín wọn, ọlọ́pàá kò sì tó. Nígbà tí àwọn ọmọ Liverpool ya wọ Z, àwọn èèyàn sá lọ bá ògiri, ògiri wó. Ẹni 39 ló kú. Pápá náà ti gbó, àwọn tó ṣe ìkọlù náà ló jẹ̀bi, mi ò sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì ló pa wọ́n. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò tó kí ẹgbẹ́ kọ "àárín méjì" sára tíkẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ẹni tó máa bọ́ sí ni wọ́n ń wá.

Ó ṣì ń bọ́ sí ọwọ́ òdì. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, bí 20,000 ọmọ Köln, ẹgbẹ́ kan ní Jámánì, ya wọ Lọ́ńdọ̀nù fún eré wọn pẹ̀lú Arsenal, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wọn kò sì tó 3,000. Wọ́n sún eré síwájú fún wákàtí kan, ọ̀pọ̀ wọn sì ti wà ní apá onílé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ti Barcelona ló ga jù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2022, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ọ̀pọ̀ ọmọ onílé ti lọ fún ìsinmi, wọ́n sì ti jọ̀wọ́ ìjókòó wọn fún títà. Tíkẹ́ẹ̀tì 5,000 ni Eintracht Frankfurt, ti Jámánì náà, gbà, bí 30,000 ni wọ́n kà nínú Camp Nou, pápá Barcelona. Barcelona dà bí àlejò nínú ilé ara wọn, Frankfurt sì na wọ́n 3-2. Ààrẹ Barcelona, Joan Laporta, sọ pé ojú ti òun.

Ẹni tó fẹ́ wo ẹgbẹ́ rẹ̀ láìfi ara pamọ́, ilé ẹgbẹ́ náà gan-an ni kó lọ. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Manchester, díẹ̀ ló fi lé ní wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojú irin. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn, nítorí ọkọ̀ tó ń padà á ti lọ. Ní Craven Cottage, pápá Fulham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ya apá kan sọ́tọ̀ ní Putney End, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àlejò, fún ẹni tí kò ṣe ti ẹnikẹ́ni; ẹ béèrè bóyá ó ṣì wà. Ìyàsọ́tọ̀ kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀ níbi eré àwọn obìnrin. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ tí kìlọ́ọ̀bù fọwọ́ sí ní Nàìjíríà máa ń lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, bí èèyàn bá tètè sọ.

Ẹni tó bá ti rà á ná, tí kò sì fẹ́ fi owó ṣòfò: ẹ̀wù tí kò ní àwọ̀ ẹgbẹ́ kankan, jẹ́sì kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì torí wọ́n máa tú u, ẹ dìde nígbà tí ìlà yín bá dìde, ẹ má kọrin tí ẹ kò mọ̀. Ẹ má mú ọmọdé dání. Àgbàlagbà lè di ayọ̀ mọ́ra fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè ṣe é. Kí ẹ sì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ẹ rántí pé oṣù kẹfà ni wọ́n ń gbé ètò eré jáde, tẹlifíṣọ̀n á sì tún un tò lẹ́yìn náà. Eré ọjọ́ Àbámẹ́ta lè di ti Ẹtì tàbí ti Ajé. Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ níwájú, ẹ fi méjì sílẹ̀ lẹ́yìn.